Ipa Tí A Kọ Sílẹ̀ àti Ipa Tí A Kó: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Hattie McDaniel nínú Sinimá Amẹ́ríkà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ipa tí Hattie McDaniel, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó nínú sinimá láàrin ọdún 1932 sí 1949, àti lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni èrò àwọn ènìyàn pín sí nípa rẹ̀. Àwọn kan ń yìn ín nítorí pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Ọ́síkà. Àwọn mìíràn ń bá a wí nítorí pé ipa ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń kó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èrò wa ni pé ọ̀kankan nínú méjèèjì kò tó láti fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀wò, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ ya ipa tí òǹkọ̀wé kọ sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ipa tí òṣèré kó. Fíìmù mẹ́ta ni a yàn fún ìtúpalẹ̀: Alice Adams (1935), Gone with the Wind (1939) àti In This Our Life (1942). Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú àbá lórí bí olùkọ́ ṣe lè lo ìyàtọ̀ yìí nígbà tí ó bá ń kọ́ni ní ìfìwàwẹ̀dá.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Òwe yìí kò sẹ́ pé ẹrú wà ní àwùjọ àtijọ́. Ohun tí ó ń bá wí ni ojú tí kò rí ẹrú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní ilé, tí ó ní ìyá, tí wọ́n sì sọ lórúkọ bí wọ́n ti ń sọ gbogbo ọmọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni sinimá Amẹ́ríkà fi wo àwọn aláwọ̀ dúdú ní àsìkò tí òkìkí Hollywood kàn jù lọ, ìyẹn láàrin nǹkan bí ọdún 1930 sí 1950.

Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún ni èyí: bí ó bá jẹ́ pé ipa kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òṣèré, tí ipa náà sì ń tàbùkù ìran rẹ̀, kí ni ó kù tí òṣèré náà lè ṣe? Ṣé kí ó kọ̀ ọ́ ni, kí ẹlòmíràn sì gbà á? Àbí kí ó gbà á, kí ó sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ yí i padà láti inú? Ìgbésí-ayé Hattie McDaniel jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti lè rí ìbéèrè yìí kedere, nítorí pé àwọn ènìyàn bí i í léèrè lójú rẹ̀, ó sì fèsì.

Ọgbọ́n ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ wo lítíréṣọ̀ ni a ó lò. Ọgbọ́n yìí gbà pé kò sí iṣẹ́-ọnà tí ó dá dúró láìní í ṣe pẹ̀lú àwùjọ tí ó bí i. A ó sì fi ìyàtọ̀ kan kún un. Ipa tí a kọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi sí ẹ̀dá-ìtàn lẹ́nu, iṣẹ́ tí ó ní kí ó ṣe, àti ààyè tí ó fún un nínú ìtàn. Ipa tí a kó ni ohùn, ìwò ojú, ìrìn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìgbà tí òṣèré yàn láti sọ̀rọ̀ tàbí láti má sọ ọ́. Òǹkọ̀wé àti olùdarí ni ó ni àkọ́kọ́; òṣèré ni ó ni èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùdarí ń tọ́ ọ sọ́nà.

2.0 Ìbí àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Hattie McDaniel

Ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí Hattie McDaniel sí ní ọdún 1893. Òun ni àbígbẹ̀yìn àwọn òbí rẹ̀. Henry, bàbá rẹ̀, àti Susan, ìyá rẹ̀, ti ṣe ẹrú rí kí òmìnira tó dé. Bàbá rẹ̀ sì wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó jà fún ìjọba àpapọ̀ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó wáyé láàrin ọdún 1861 sí 1865. Kókó yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí yóò wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa kíkó ipa ẹrúbìnrin kò mọ ìtàn oko ẹrú láti inú ìwé nìkan. Àwọn tí ó bí i lọ́mọ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ìdílé náà ṣí lọ sí ìpínlẹ̀ Colorado, ìlú Denver sì ni Hattie ti lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1910, ó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje ewì kíké tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń gbógun ti ọtí mímu ṣe. Otis àti Sam, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti Etta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni iṣẹ́ eré wà lára àwọn náà. Hattie bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèré kiri láti ìlú dé ìlú. Ó ń kọrin, ó ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó sì ń kọ orin tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ó kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin George Morrison, ó sì gbé àwọn àwo orin kan jáde láàrin ọdún 1926 sí 1929.

Nígbà tí ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929, iṣẹ́ eré dá dúró. Ìlú Milwaukee ni Hattie wà nígbà náà, iṣẹ́ tí ó sì rí ṣe ni kí ó máa tọ́jú ilé-ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilé fàájì kan. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbà á láyè láti kọrin níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti kúrò ní ìdí ilé-ìyàgbẹ́ tí ó di akọrin ibẹ̀. Ní ọdún 1931, ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Los Angeles. Ó rí ààyè díẹ̀ lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kò tó jẹun. Ó ní láti máa ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé onílé kí ó tó lè dúró de ipa ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù. Ìgbà tí a bá dé orí awuyewuye tí ó yí i ká, a ó rí i pé gbólóhùn yìí kì í ṣe àwàdà.

3.0 Ààyè Tí Hollywood Fún Aláwọ̀ Dúdú

Ní àsìkò tí a ń sọ yìí, aláwọ̀ funfun ni ó ni àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá. Àwọn ni ó ń kọ ìtàn, àwọn ni ó ń darí, àwọn ni ó sì ń pín ipa. Òfin ìyàsọ́tọ̀ wà ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, àwọn aláwọ̀ dúdú kì í sì í bá àwọn aláwọ̀ funfun jókòó pọ̀ ní ilé sinimá níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe fíìmù kò fẹ́ pàdánù owó àwọn òǹwòran gúúsù, nítorí náà wọn kì í fi aláwọ̀ dúdú sí ipò tí yóò mú un bá aláwọ̀ funfun dọ́gba. Agbọ́ńjẹ, aṣọ́nà, agbẹ́rù ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹrú inú oko òwú: ìwọ̀nba ipa tí ó wà fún wọn nìyí.

Ní ti àwọn obìnrin, àwòrán àtọwọ́dọ́wọ́ kan ti wà nílẹ̀ kí sinimá tó dé. "Mammy" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orúkọ tí àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun fi ń pe ẹrúbìnrin tí ó bá tọ́ wọn. Nínú àwòrán yìí, obìnrin náà sanra, ó dúdú, ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì fẹ́ràn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Kò ní ọkọ. Kò ní ọmọ tirẹ̀. Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù lọ ni pé kò ní orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò ní orúkọ nínú ìtàn ni òǹkọ̀wé ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Inú àwòrán yìí ni Hattie McDaniel bá ara rẹ̀. Láti ọdún 1932 ni ó ti ń hàn nínú fíìmù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òṣèré yòókù. Ní ọdún 1934, ó kọrin pẹ̀lú Will Rogers nínú Judge Priest, fíìmù tí John Ford darí. Ní ọdún 1936, òun àti Paul Robeson jọ ṣe tọkọtaya nínú Show Boat. Láti ìgbà náà lọ, ojú rẹ̀ kì í tún ṣe ojú àjèjì mọ́ fún àwọn òǹwòran.

4.0 Ìtúpalẹ̀ Fíìmù Mẹ́ta

4.1 Alice Adams (1935): Ẹ̀rín Tí Ó Yí Padà

George Stevens ni ó darí fíìmù yìí. Ìdílé Adams kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin wọn, Alice, tí Katharine Hepburn ṣe, fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan rò pé ọlọ́lá ni àwọn. Wọ́n pè é wá jẹun alẹ́. Kí àṣírí má baà tú, wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ fún alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀. Malena ni orúkọ obìnrin náà, òun ni Hattie McDaniel ṣe.

Ipa tí a kọ sílẹ̀ nihìn-ín kéré. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, a sì fẹ́ kí òǹwòran rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ipa tí ó kó. Malena ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nígbà tí ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Fìlà tí wọ́n dé fún un ń yọ́ sísàlẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tí ooru mú, nítorí pé ooru mú lóòótọ́; ọ̀sán gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sì tíì tán lára ilé nígbà tí wọ́n gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú àlejò. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì yára. Ojú rẹ̀ ń sọ pé òun mọ̀ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí tábìlì náà. Àbájáde rẹ̀ ni pé ẹ̀rín tí a ti pèsè sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ ṣẹ́rí padà sí orí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nínú yàrá náà, òun nìkan ni kò díbọ́n.

Èyí ni ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí a rí di mú nínú iṣẹ́ rẹ̀: kò yí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé padà, ṣùgbọ́n ó yí ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ padà.

4.2 Gone with the Wind (1939): Ìyá Tí Kò Lórúkọ

Láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Margaret Mitchell gbé jáde ní ọdún 1936 ni wọ́n ti mú fíìmù yìí. David O. Selznick ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Orúkọ Victor Fleming ni ó sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Ìbùdó ìtàn ni oko òwú kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, nígbà ogun, àti lẹ́yìn ogun. Fíìmù náà fi oko ẹrú hàn bí ibi ẹwà àti àlàáfíà tí ogun wá bàjẹ́. Irọ́ ni àwòrán yìí, àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìfẹ̀hónúhàn wọn àti ti ẹgbẹ́ NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lára ohun tí ó mú kí Selznick yọ ọ̀rọ̀ èébú kan tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì fíìmù náà.

Mammy ni orúkọ ẹ̀dá-ìtàn tí McDaniel ṣe, kò sì ní òmíràn. Nínú gbogbo fíìmù náà, tí ó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó bí ọmọ rí. Nígbà tí òmìnira dé, kò lọ ibì kankan. Bí a bá dúró lórí ipa tí a kọ sílẹ̀, àwọn tí ó bínú sí fíìmù náà jàre.

Síbẹ̀, ohun mẹ́ta wà nínú ipa tí ó kó. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ. Níbi tí Mammy ti ń fún ìgbàdí Scarlett ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tí ń gba àṣẹ. Ohùn ìyá tí ń bá ọmọ tí kò gbọ́ràn wí ni. Ó ń wo Scarlett lójú tààrà. Èkejì ni ìdájọ́. Mammy ni ó kọ́kọ́ mọ ẹ̀tàn Scarlett, òun náà ni kò sì gba Rhett Butler gbọ́ títí di ìgbà tí ìwà ọkùnrin náà fi yí i lọ́kàn padà. Rhett fún un ní yẹ̀rì sílíkì pupa kan, kò sì kọ́kọ́ fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ó wọ̀ ọ́, tí aṣọ náà ń ró wìrìwìrì lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, McDaniel rẹ́rìn-ín ìtìjú díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn fi hàn pé obìnrin kan wà nínú ẹni tí wọ́n ń pè ní Mammy.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀fọ̀. Lẹ́yìn tí Bonnie, ọmọ Rhett àti Scarlett, ti orí ẹṣin ṣubú kú, Mammy ń mú Melanie gun àkàsọ̀ ilé. Bí wọ́n ti ń gùn ún lọ ni ó ń ròyìn bí Rhett ṣe yìnbọn pa ẹṣin náà, bí ó ṣe ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú òkú ọmọ, tí kò gbà kí wọ́n sin ín nítorí pé ọmọ náà ń bẹ̀rù òkùnkùn. Kámẹ́rà ń bá wọn lọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Omijé ń bọ́ lójú Mammy, ṣùgbọ́n ìròyìn náà kò dàrú lẹ́nu rẹ̀. Olivia de Havilland, tí ó ṣe Melanie, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹrú ni ó gbé gbogbo ìtàn náà dání. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ibi yìí ni ó mú kí ó gba ẹ̀bùn.

Ẹ jẹ́ kí a rántí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kú, ariwo ta. Ẹnu ẹrú ni ariwo náà sì ti jáde. Fíìmù kò béèrè ẹni tí yóò ta ariwo bí Mammy fúnra rẹ̀ bá kú. Ṣùgbọ́n bí McDaniel ti ṣe é, òǹwòran tí ó bá ronú yóò béèrè.

4.3 In This Our Life (1942): Ìyá Ní Ilé Tirẹ̀

John Huston ni ó darí fíìmù yìí. Ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun kan, Stanley, tí Bette Davis ṣe, fi ọkọ̀ pa ọmọ kan, ó sì sá lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó purọ́ mọ́ Parry Clay, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé wọn, tí ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di agbẹjọ́rò. Hattie McDaniel ni Minerva, ìyá Parry.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Minerva náà. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ àti orúkọ ìdílé, ó ní ilé, ó sì ní ọmọ tí ó ń retí pé yóò di ènìyàn pàtàkì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Stanley wá bá a, Minerva sọ fún un pé ilé ni Parry wà pẹ̀lú òun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo, kò sunkún rẹpẹtẹ. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti mọ̀ pé àwọn ọlọ́pàá kò ní í gba ọ̀rọ̀ ọmọ òun gbọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí a bá fi ibi yìí wé Gone with the Wind ni a ó rí ohun tí òṣèré yìí ní lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ kò pọ̀ sí i láàrin ọdún mẹ́ta. Ipa tí a kọ sílẹ̀ fún un ni ó gbòòrò díẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé irú ipa bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ fún un lẹ́yìn èyí.

5.0 Ẹ̀bùn Ọ́síkà ti Ọdún 1940

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1939, wọ́n kọ́kọ́ fi Gone with the Wind han gbogbo ènìyàn ní ìlú Atlanta. Nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ ìpínlẹ̀ Georgia, McDaniel àti àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú yòókù kò lè bá wọn péjọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, ọdún 1940, ní hótẹ́ẹ̀lì Ambassador ní Los Angeles, ó gba Ọ́síkà gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tí ó kó ipa àtìlẹ́yìn dára jù lọ. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn náà, òun náà sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tí ó gbà á. Olivia de Havilland, tí wọ́n jọ ṣe fíìmù kan náà, wà lára àwọn tí ó bá a dupò.

Ṣùgbọ́n ibo ni ó jókòó sí? Kò bá àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù jókòó. Tábìlì kékeré kan ni wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún un. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀, ó ní òun ní ìrètí pé òun yóò máa jẹ́ ìyì fún ìran òun àti fún iṣẹ́ fíìmù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó gbé karí wúwo: òun nìkan ni ó ní láti ṣojú odidi ìran. Ọdún 51 kọjá kí aláwọ̀ dúdú obìnrin mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba Ọ́síkà fún ipa tí ó kó nínú fíìmù, ní ọdún 1991.

6.0 Awuyewuye Lórí Ipa Ọmọ Ọ̀dọ̀

Ní ọdún 1942, Walter White, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà NAACP, lọ bá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood pé kí wọ́n dẹ́kun àwòrán àbùkù tí wọ́n ń ya nípa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ sójú ogun fún Amẹ́ríkà nígbà náà, kò sì bójú mu kí sinimá orílẹ̀-èdè náà máa fi wọ́n ṣe ẹrú àti aláwàdà. Ṣùgbọ́n McDaniel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan rò pé White ń jà lórí iṣẹ́ wọn láìfi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ìdánilójú pé ipa mìíràn yóò rọ́pò èyí tí wọ́n bá pa tì. Gbogbo ènìyàn mọ èsì kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀: pé ó sàn kí òun máa gba owó ńlá láti ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ ju kí òun máa gba owó táṣẹ́rẹ́ láti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gan-an. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rí ni ó ń sọ̀rọ̀.

A kò gbọdọ̀ ka èsì yìí sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bìkítà nípa ìran rẹ̀. Ní ọdún 1945, àwọn aládùúgbò aláwọ̀ funfun gbé òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Los Angeles, pé ìwé àdéhùn ilẹ̀ kò gba aláwọ̀ dúdú láyè láti gbé ní àdúgbò West Adams tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Loren Miller ni agbẹjọ́rò wọn. Adájọ́ Thurmond Clarke dá wọn láre, ó ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tako ẹ̀tọ́ tí òfin-ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1948, ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ tí ó fara jọ ọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó ń ṣe ẹrú tí kò nílé nínú sinimá ni ó dúró ní kóòtù nítorí ilé tirẹ̀.

7.0 Èdè àti Agbára: Ètò Beulah

Kókó tí ó yẹ kí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù lọ ni ọ̀rọ̀ èdè. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, òǹkọ̀wé máa ń fi irú Gẹ̀ẹ́sì kan sí aláwọ̀ dúdú lẹ́nu, tí ìpèdè àti gírámà rẹ̀ wà fún kí òǹwòran lè rẹ́rìn-ín. Denver ni McDaniel ti kàwé, ó sì ti gba ẹ̀bùn ewì kíké láti kékeré. Kò ṣàìmọ Gẹ̀ẹ́sì àjùmọ̀lò. Nínú àròkọ kan tí ó kọ sí ìwé ìròyìn Hollywood Reporter ní ọdún 1947, ó ní òun kò tọrọ àforíjì rí fún ipa tí òun ń kó, ó sì fi kún un pé òun ti yí àwọn olùdarí kan lọ́kàn padà láti yọ irú èdè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwọn fíìmù tí ó bá ti òde òní mu.

Ní ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá, ó bẹ̀rẹ̀ ètò Beulah lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì CBS. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Beulah pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó ń fi ohùn díbọ́n bí Beulah. McDaniel ni aláwọ̀ dúdú obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olú òṣèré nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́. Ó sì béèrè ohun kan nínú ìwé àdéhùn: pé òun kò ní í sọ èdè yẹ̀yẹ́ náà, pé òun sì ní ẹ̀tọ́ láti yí ọ̀rọ̀ tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn padà. Níbi yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kan ipa tí a kọ sílẹ̀. Ohun tí ó ti ń fi ojú àti ohùn ṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di ohun tí ó wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí.

Kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1951, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Beulah fún tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró, Louise Beavers sì gba ipò rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa á ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 1952. Ó ti fẹ́ kí wọ́n sin òun sí itẹ́ òkú Hollywood, ṣùgbọ́n wọn kì í sin aláwọ̀ dúdú síbẹ̀; itẹ́ òkú Rosedale ni wọ́n sin ín sí. Ní ọdún 1999 ni àwọn tí ó ra itẹ́ òkú Hollywood lẹ́yìn náà gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un níbẹ̀. Àmì Ọ́síkà rẹ̀, tí ó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard, di àwátì. Ní ọdún 2023 ni àwọn tí ń fún ni ní Ọ́síkà gbé òmíràn fún yunifásítì náà dípò rẹ̀.

8.0 Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti Olùkọ́-Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Nínú kíláàsì, a máa ń gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ pé òṣèré kan "burú" nítorí pé ipa ìkà ni ó kó, tàbí pé ó "wúlò" nítorí pé ipa ènìyàn rere ni. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń wo fíìmù àgbéléwò Yorùbá pẹ̀lú. Ìtúpalẹ̀ tí a ṣe yìí fún wa ní ìbéèrè mẹ́rin tí a lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bi ara wọn lórí fíìmù tàbí eré-oníṣe èyíkéyìí:

(a) Kí ni òǹkọ̀wé fún ẹ̀dá-ìtàn yìí, kí sì ni ó fi dù ú? Ṣé ó ní orúkọ, ilé, òbí, ọmọ?

(b) Kí ni òṣèré fi kún un tí kò sí nínú ìwé? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí ìwò ojú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tàbí ìró ohùn kan pàtó.

(d) Irú èdè wo ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ta ni ẹ̀rín náà sì wà fún? Ìbéèrè yìí bá ọ̀pọ̀ eré wa mu, níbi tí ará oko, àlejò tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ti máa ń sọ ẹ̀ka-èdè tàbí Yorùbá tí kò dán mọ́rán kí òǹwòran lè rẹ́rìn-ín.

(e) Ta ni ó ni agbára láti yí ipa náà padà, ta ni ó sì ń jèrè bí kò bá yí padà?

A dá a lábàá pé kí olùkọ́ yan ibi kékeré kan nínú fíìmù, kí ó kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ibẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n sọ irú ẹni tí ẹ̀dá-ìtàn náà jẹ́, kí ó tó wá fi fíìmù hàn wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàrin èsì àkọ́kọ́ àti èkejì ni iṣẹ́ òṣèré.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ipa tí Hollywood kọ sílẹ̀ fún Hattie McDaniel kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọdún 1932 títí dé òpin, ṣùgbọ́n ipa tí ó kó kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó dá ẹ̀rín padà sí orí ọ̀gá nínú Alice Adams. Ó fi àṣẹ àti ọ̀fọ̀ sára ẹrú tí kò lórúkọ nínú Gone with the Wind. Ó jẹ́ ìyá ní ilé ara rẹ̀ nínú In This Our Life. Nígbà tí ó sì rí agbára díẹ̀ gbà, èdè ni ó kọ́kọ́ tún ṣe. Walter White jàre láti béèrè pé kí ipa náà parẹ́. McDaniel náà jàre láti má jẹ́ kí ipa náà pa òun. Olùkọ́ tí ó bá lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ di òótọ́ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà ti kọ́ ọ ní ohun tí ó ju ìtàn òṣèré kan lọ. Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ alátùúpalẹ̀ ni láti wá ilé náà kàn.